Àjàní, Orúkọ Ta Ló Wà Lára Ẹrù Yẹn?

Àjàní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, dìde nílẹ̀, o ti dọ̀bálẹ̀ tó. Fa àga yẹn súnmọ́ mi, kí o sì gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò bínú o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lánàá kò jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ gba ọ̀fun mi lọ. O ní kọ̀ntéénà táyà ti gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ òkun Douala. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. O ní owó mi wà níbẹ̀, owó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àjọ wa, tí wọ́n ń pè ní tontine níhìn-ín, wà níbẹ̀, owó ìyá ìyàwó rẹ náà wà níbẹ̀, àmọ́ orúkọ tìrẹ nìkan ló wà lára ìwé. Mo bi ọ́ pé báwo ló ṣe jẹ́. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Àǹtí mi, ẹ má da ara yín láàmú, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹrù gbogbo wa ni."

Gbogbo wa wo, Àjàní? Ọkùnrin tí o jẹ lówó ìrẹsì láti ọdún tó kọjá, ṣé ó wà nínú gbogbo wa? Akódà kóòtù tí wọ́n ń pè ní huissier níhìn-ín, ṣé òun náà bá wa jẹun nígbà tí a sọ ọmọ rẹ lórúkọ? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí tí mo fi ní kí o wá bá mi ní New Bell lónìí nìyẹn, kí n tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé ẹrù lọ ta.

Wo ibùdókọ̀ yẹn dáadáa. Kì í ṣe ọjà àdúgbò tí oníkálùkù ti mọ ìyá oníkálùkù. Etí odò Wouri ló wà. Nǹkan bí kìlómítà 50 ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń tọ̀ láti òkun wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ẹrù N'Djamena ní Chad ń gba ibẹ̀, ẹrù Bangui náà ń gba ibẹ̀. Ní 1999 ni ìjọba dá Port autonome de Douala sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Títí di òpin 2019, Douala International Terminal ló ń bójú tó kọ̀ntéénà; nígbà tí 2020 wọlé, Régie du Terminal à Conteneurs gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń gbé ẹrù yí padà, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó mọ bàbá rẹ ní gbogbo ibẹ̀. Ìwé ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní connaissement ni wọ́n mọ̀, orúkọ tó bá sì wà níbẹ̀ ni olóhun lójú wọn. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Tìrẹ.

Ó dáa, jẹ́ ká wá gba pé olówó ìrẹsì gbọ́ pé kọ̀ntéénà rẹ ti dé. Yóò sì gbọ́, ọjà Mboppi kò ní àṣírí. Yóò lọ bá adájọ́, yóò ní Àjàní jẹ òun lówó, ẹ̀rù sì ń ba òun pé bó bá ta táyà yìí tán, òun ò ní rí i mọ́. Bí adájọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, yóò fún un láṣẹ saisie conservatoire. Huissier á gbéra, á lọ de ẹrù mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní á ní ìwà ìkà ni. Kì í ṣe ìkà o. Code civil tí àwọn Faransé fi sílẹ̀, tí wọ́n ṣì ń lò ní Douala, sọ ọ́ ní ẹsẹ 2092 àti 2093 pé gbogbo ohun tí onígbèsè ní, èyí tó wà lónìí àti èyí tó ń bọ̀ lọ́la, ni ìdúró fún gbogbo àwọn tí ó jẹ lówó. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń wọn ìrẹsì fún ọ láwìn, ohun tó rí lọ́wọ́ rẹ ló wò kó tó wọ̀n ọ́n.

Ìwọ á wá figbe ta pé táyà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Wọn á bi ọ́ pé ẹ̀rí dà. Ẹsẹ 2279 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé ní ti ohun tó ṣeé gbé, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ la ó kà sí olóhun. O lè mú ìwé tí o kọ fún mi jáde, èyí tí o fi bíírò kọ pé owó àǹtí mi wà nínú ẹrù yìí. Ìwé dáadáa ni, mo ṣì tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 1321 sọ pé ìwé abẹ́lẹ̀ tí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí láàárín ara wọn, tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi han gbogbo ayé, àwọn méjèèjì nìkan ló dè. Kò ran ará ìta. Ẹsẹ 1328 tún dì í: ọjọ́ tí ẹ bá kọ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ lójú ará ìta, àfi bí ẹ bá ti lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ti kú, tàbí tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláṣẹ. Àbí ikú mi lò ń retí, Àjàní, kí ìwé rẹ tó lọ́jọ́ lórí? Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, àmọ́ dẹ́kun ẹ̀rín.

Má sì sọ fún mi pé òfin òyìnbó lásán ni. Àwọn bàbá wa náà mọ ìyà yìí. Ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè. Ológò á wọ agbo ilé, á jókòó ti onígbèsè, á máa pariwo, á máa pàṣẹ oúnjẹ tó bá wù ú. Bí wọn ò bá tètè gbé e wá, á mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, á pa á jẹ, kì í sì í bèèrè pé ta ló ni ín. Ará ilé tí kò jẹ kọ́bọ̀ ni yóò máa wo adìẹ rẹ̀ nínú ìkòkò. Ohun tí o fẹ́ fojú ìyá ìyàwó rẹ rí nìyẹn.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọwọ́ ológò kò gbọdọ̀ kàn: ilẹ̀ ẹbí. Ọmọ kan kò lè fi ilẹ̀ ẹbí san gbèsè ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé olórí ẹbí kàn ń bá wọn dì í mú ni. Ọ̀rọ̀ yìí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Apapa ní 1913, ibi tí a wá mọ̀ sí ilé ọkọ̀ òkun títí dòní. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ pé. Herbert Macaulay bá a lọ sí ìlú ọba, ní 1921 sì ni ìgbìmọ̀ Privy Council dájọ́ fún un. Wọ́n ní olóyè kì í ṣe olówó ilẹ̀ bí òyìnbó ṣe ń ra ilẹ̀ tirẹ̀. Ó wà nípò ẹni tó ń bá gbogbo ìdílé tọ́jú rẹ̀, nítorí náà owó tó tọ́ sí gbogbo wọn ni kí wọ́n san. Wo ohun tó gbà wọ́n, Àjàní. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé ilẹ̀ Olúwa ni ilẹ̀ náà, wọ́n sì mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Ta ló mọ irú táyà tí táyà rẹ jẹ́?

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trust kò jìnnà sí èyí. Ẹnì kan á di nǹkan mú lórúkọ ara rẹ̀, àmọ́ òfin á rí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó ni àǹfààní ibẹ̀. Bí alágbàpamọ́ yẹn bá jẹ gbèsè tirẹ̀ tó sì wó, àwọn tí ó jẹ lówó kò lè kó ohun tó bá ẹlòmíràn tọ́jú. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà kì í gbàgbé. Quistclose yá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ, Rolls Razor, lówó, ó ní kí wọ́n fi san èrè fún àwọn onípìn-ín, kí wọ́n má ná an sí ohun mìíràn. Wọ́n fi owó náà sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní Barclays, wọ́n sì kọ̀wé sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún báńkì. Kí wọ́n tó san èrè yẹn, Rolls Razor dojú dé. Gbèsè Barclays wà lọ́rùn rẹ̀, báńkì bá ní òun á fi owó náà dí i. Ní 1968, House of Lords, tó jẹ́ kóòtù àgbà wọn nígbà náà, ní ó tì o. Báńkì mọ ohun tí owó náà wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó dá a padà fún Quistclose.

Gbọ́ ọ dáadáa: àkáǹtì ọ̀tọ̀, àti ìwé tó dé ọwọ́ báńkì. Ohun méjèèjì yẹn ló gba Quistclose là. Nítorí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, bí alágbàpamọ́ bá ta ohun olóhun fún ẹni tó fi owó rere rà á láìmọ ohunkóhun, ọwọ́ olóhun kò tó o mọ́. Alágbàpamọ́ nìkan ló kù tí yóò bá fà á. Ìwọ wá ń kó owó tontine sínú àkáǹtì tí o fi ń san owó iléèwé ọmọ, tí o fi ń ra káàdì fóònù. Owó tó bá ti wọ inú owó mìíràn bẹ́ẹ̀ dà bí iyọ̀ tó yọ́ sínú ọbẹ̀. Ta ni yóò bá wa ṣà á?

Ṣé o mọ̀ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí? Gba orí afárá Wouri, kọjá Bonabéri, máa lọ títí dé Limbe àti Buea. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ọ̀hún títí di 1961, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù, nítorí náà adájọ́ ibẹ̀ mọ trust. Àmọ́ kọ̀ntéénà rẹ kò gúnlẹ̀ sí Limbe. Douala ló wà, ibi tí kóòtù kì í ti fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. Lórí ìṣòwò, OHADA ló tún wà lórí gbogbo rẹ̀, òfin àjùmọ̀ṣe tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Port-Louis ní October 1993. Àwọn ènìyàn wa ní Cotonou àti Lomé wà lábẹ́ rẹ̀ bíi tiwa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, nítorí náà má gba ìmọ̀ràn òfin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ọjà Àlàbá ní Èkó.

OHADA náà mọ bí a ṣe ń ya ohun olóhun sọ́tọ̀. Nínú òfin ìdúró tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní December 2010, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní agent des sûretés. Ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ fún àwọn olówó, ó gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ sí tirẹ̀. Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ jẹ lówó kò lè kó o, kódà bó bá wó, àyàfi ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti inú ìtọ́jú ohun náà jáde, tàbí bí èrú bá wà nínú ọ̀rọ̀. O ò rí i pé ó jọ trust? Ṣùgbọ́n má tíì fò sókè. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìṣúnná ni òfin gbà láàyè láti jẹ́ irú aṣojú bẹ́ẹ̀. Wọn ò dárúkọ Àjàní onítáyà.

Èyí tó kàn ọ́ nìwọ̀nyí. Bí mo bá ta ẹrù fún ọ láwìn, tí mo sì fẹ́ kó jẹ́ tèmi títí o fi máa san tán, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ tí mo bá gbé ẹrù fún ọ. A sì gbọ́dọ̀ lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, RCCM, kó tó lè de ará ìta. Bí mo bá gbé ẹrù fún ọ pé kí o bá mi tà tàbí kí o bá mi tọ́jú, tí òwò rẹ sì wó, òfin gbà mí láàyè láti wá gba ẹrù mi, bí ẹrù náà bá ṣì wà bó ṣe wà, tí mo sì lè fi hàn pé tèmi ni. Bí huissier bá ti dè é mọ́lẹ̀, mo lè sáré lọ sí kóòtù lọ bẹ̀bẹ̀ fún distraction, pé kí wọ́n yọ tèmi kúrò. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo gbé ẹ̀tọ́ mi lé, kí n sì dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ta á. Owó transitaire, ẹni tó ń bá wa yọ ẹrù ní ibùdókọ̀ òkun, ńkọ́? Ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ lè di ẹrù yẹn mú títí a ó fi san owó rẹ̀ tán. Nítorí náà bí o bá fi owó transitaire ṣeré, gbogbo wa la jọ máa dúró lẹ́nu géètì.

Ojú rẹ ti ń tàn, mo ti mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ. O fẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tètè yí gbogbo ẹrù sí orúkọ yín kí olówó ìrẹsì tó dé." Pa ẹnu rẹ dé! Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti 1571 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin mọ́ ẹni tó bá ń fi ohun ìní pamọ́ fún ẹni tó jẹ lówó. Níhìn-ín, ẹsẹ 1167 fún olówó láyè láti kọlu irú ìwé àrékérekè bẹ́ẹ̀, action paulienne ni wọ́n ń pè é. Bí kóòtù bá sì kéde pé oníṣòwò ti wó, wọ́n lè wo ẹ̀yìn dé oṣù 18, kí wọ́n tú ẹ̀bùn tàbí ìwé tó ṣe nígbà tí kò ti rí gbèsè san mọ́. Èmi, pẹ̀lú orí ewú mi, kí n máa dúró níwájú adájọ́ ní Bonanjo pé mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹrù pamọ́? Ká má rí i.

Ọkùnrin onírẹsì yẹn náà, ọmọ ìyá kan ni. Òun náà gba ẹrù láwìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ń sin ín lówó nísinsìnyí bí ó ṣe ń sin ọ́. Ẹ̀tọ́ tí mo fẹ́ kí òfin fún mi lórí owó mi, ẹ̀tọ́ kan náà ló yẹ kí ó ní lórí owó rẹ̀. Bí a bá ń wá ìwé tí yóò dáàbò bo ohun olóhun, ìwé òtítọ́ ni ká wá, èyí tó ti wà kí gbèsè tó dé, tí ará ìta sì lè rí.

Nítorí náà, ohun tí o máa ṣe nìyí. Lọ bá olówó ìrẹsì fúnra rẹ kó tó wá bá ọ, fi nǹkan lé e lọ́wọ́, kí ẹ jọ kọ ọjọ́ tí o máa san ìyókù. Mú ìwé owó tí oníkálùkù wa fi sílẹ̀, ìwé báńkì tí a fi rán an sí ọ, àti ìwé tí o fi ra táyà, kí o gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kó sọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe lórí ti inú kọ̀ntéénà yìí. Owó tí o bá rí nínú táyà, ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, káàdì fóònù kankan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Fún ẹrù tó ń bọ̀, ẹ dá ilé-iṣẹ́ onípìn-ín tí wọ́n ń pè ní SARL sílẹ̀. Òfin Kamẹrúùnù ti 2016 ní owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè kéré tó 100,000 CFA. Kí àwa tó dá owó di onípìn-ín níbẹ̀, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára connaissement. Nígbà náà, ohun ilé-iṣẹ́ kò ní jẹ́ ohun Àjàní, ẹni tí o bá sì jẹ lówó yóò dojú kọ ìpín tìrẹ, kò ní kó ti ìyá ìyàwó rẹ.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, ǹ bá ti gba owó mi lọ́wọ́ rẹ, kí n máa wò ọ́ níran. Ọmọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni ọ́, mo sì mọ̀ pé o ò ní jí kọ́bọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ìwà rere rẹ, èmi ló hàn sí. Ará ìta kò rí i, kò sì sí òfin tó ní kó rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa náà, yálà Douala lẹ wà, tàbí Cotonou, tàbí Apapa: ẹ gba ohun olóhun tọ́jú, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹni tí kò mọ̀ yín ti lè kà á. Ẹ sì san gbèsè yín. Ìfọkàntán tí kò sí nínú ìwé kò de olówó, ìwé tí a sì fi sá fún olówó kò de ẹnikẹ́ni.